Etí Erin Tó Kọ̀ Tí Kò Dàgbà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ méjèèjì. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le bí tèmi ṣe le, àfi orúnkún tó ń bá mi jà tí mo bá ti jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ewéko ìyá rẹ ni mo bá wá. Nígbà tí o ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, mo ní ọmọdé ni ọ́, o kò ní lè tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ọ́, nítorí láti ìgbà náà o kò kọ̀wé sí mi mọ́.

Ṣé o rántí bó ṣe máa ń wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, nínú agolo mílíìkì? Ìyá rẹ rà á, ó rò pé ọmọ etí erin ni, ewé álóè ńlá yẹn. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ṣe ṣóńṣó lórí, ìlà funfun sì wà lẹ́yìn wọn bí òwú tí mo fi ń so aṣọ mọ́ra kí n tó rán an. A retí etí erin títí, etí eku la rí. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá àwọn ọmọ, wọ́n lù ọ́ ní jìbìtì." Á ní, "Ẹ jẹ́ ó máa ṣe jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó ń lé e." Láti ìgbà tó ti kú, àárò ohùn yẹn ń sọ mí gan-an.

Lẹ́yìn tí o béèrè rẹ̀, mo ní kí n sáà mú un dàgbà. Mo gbé e sínú ike ńlá, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò pé oṣù kan tí ìdí rẹ̀ fi rọ̀, tó ń rùn. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Ohun tí ìyá rẹ fi ọdún mọ́kàndínlógún tọ́jú, èmi fẹ́ fi omi pa á.

Mo gbé e tọ olùtọ́jú ọgbà ilé ìwòsàn lọ. Ó yí ewé rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló sọ fún yín pé etí erin ni? Hawọ́tíà lorúkọ eléyìí. Kì í ṣe ọmọ o, àgbà ni. Ibi tó máa ga dé nìyí." Mo ní, "Orúkọ ńlá fún ara kékeré." Ó gé ibi tó ti jẹrà kúrò, ó ní kí ojú ọgbẹ́ gbẹ kí n tó gbìn ín sínú yanrìn, kí n sì máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Gbòǹgbò tuntun ti yọ báyìí.

Bí mo ṣe ń padà sílé, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Àgbà ni, èmi ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Ìwọ náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àwọn aláìsàn ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ, èmi ṣì ń pè ọ́ lọ́mọdé. Dárí jì mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé ewéko náà dání. Tìrẹ ni.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí. Àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀ olóríkunkun.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: a rí ọmọ kékeré kan tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ewéko náà, kò ju èékánná lọ. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ara mi. Olùtọ́jú ọgbà ní yóò tó ọdún mẹ́wàá kó tó dàgbà. Mo ka ọjọ́ orí mi, mo rẹ́rìn-ín. Tí àyè bá gbà ọ́, wá ká jọ wò ó.