Abà Pupa àti Ìkíni Mi

Àbámẹ́ta, oṣù Ṣẹẹrẹ, ní University Heights

Bọ́lá ọmọ mi fi ọkọ̀ gbé mi jáde kúrò nínú ìlú ní ìdájí, kí n lè ya àwòrán abà onípákó kan tí wọn yóò wó ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí a dé ibẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn sí ara pákó pupa náà, yìnyín sì ń dán nílẹ̀.

"Dádì, ẹ tètè yà á ká máa lọ."

Mo sọ fún un pé wọn kò tọ́ mi láti gbé kámẹ́rà sí ilé onílé láìkí onílé. Mo kan ilẹ̀kùn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà náà. Ìyá arúgbó òyìnbó kan ṣí i, ó ní kí n wọlé wá mu kọfí. N kò lè kọ̀ fún àgbà.

Ó ń sọ bí bàbá ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ abà náà. Láti ojú fèrèsé, mo ń wo bí ìkùukùu ṣe ń bo oòrùn, n kò sì lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe dìde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun kò ní àwòrán abà náà rárá, kí n jọ̀wọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́, èyí tó fi hàn bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń mú un rẹwà. Mo ṣèlérí, àmọ́ nígbà tí mo jáde, oòrùn ti wọ inú ìkùukùu pátápátá, n kò sì rí àwòrán kankan yà.

Bọ́lá rẹ́rìn-ín títí a fi délé. "Ṣé ife kọfí lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá yẹn?"

Ó ti gbà láti gbé mi padà síbẹ̀ ní ìdájí ọ̀la. Bí a bá kàn dúró sẹ́bàá ọ̀nà, tí mo yà á láti ibẹ̀...

Rárá. Ìyá náà yóò ti jí, n kò sì ní lè kọjá níwájú ilé rẹ̀ láìyà kí i.