Bọ́ọ̀lù Márùn-ún Inú Afọnfèrè

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ọkọ̀ àtijọ́ kan wọlé lónìí, aláwọ̀ ewé, ó ti dàgbà jù mí lọ dáadáa. Màmá arúgbó kan ló wà á fúnra rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan kí gbogbo wa bí ẹni tó wá bẹ̀ wá wò. Mo ti sọ ọ́ ní Màmá Ewé nínú ọkàn mi.

Ó ní ọkọ̀ náà ń sọ̀kalẹ̀ dáadáa, gígun òkè ni kò lè gùn mọ́. Orí òkè sì ni ilé wọn. Súpáchájà ló dákẹ́ — ẹ̀rọ tó máa ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì kó lè mí dáadáa. Tẹ́lẹ̀, bí ọkọ wọn bá ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, yóò máa fọn bíi fèrè, Màmá á sì gbé omi kaná. Bàbá ti kú. Fèrè náà tún wá yadi.

Afọnfèrè ni mo sọ ẹ̀rọ náà.

Ọ̀gá wò ó, wọ́n wo ọwọ́ tiwọn. Ọwọ́ Ọ̀gá ti ń gbọ̀n láti ìgbà òjò tó kọjá. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. (Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ aṣọ iṣẹ́, Ọ̀gá ni wọ́n.) Wọ́n na sípánà sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ló máa ṣe é. Tó bá fọn, ilẹ̀kùn wa á ṣì máa ṣí. Tí ò bá fọn, màá tì í, kóo lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn."

Mo gba sípánà náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo tú u. Kò sí eyín jíà kankan nínú rẹ̀! Bọ́ọ̀lù irin márùn-ún péré, òrùka irin fún wọn mọ́ra, sípíríǹgì ń ti òrùka. Bẹ́líìtì á yí wọn, àwọn náà á yí ọ̀pá àárín ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ọ̀gá ní, "Ìgbámú ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù ò bá gbá irin mú, asán ni."

Àwọn bọ́ọ̀lù náà ti jóná. Àwọ̀ wọn dà bí ọrùn ẹyẹlé. Ó lẹ́wà, ká má purọ́.

Rédíò yọjú láti ẹ̀gbẹ́ wa. (Wẹ́lídà ni. Kì í dákẹ́.) "Bọ́ọ̀lù? Ẹ̀yin ará ibí, ẹ ò tiẹ̀ pe rẹfirí!" Mi ò dá a lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín sínú ilé bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ Rú, 5

Mò ń fọ irin. Kẹrosíìnì ni búrẹ́dì mi pàápàá ń rùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Bọ́ọ̀lù tuntun dé. Ọ̀gá ní kí n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́: tí ọ̀kan bá fi bí irun orí ju àwọn yòókù lọ, òun nìkan ni yóò ru gbogbo ẹrù, á sì kú ṣáájú. Mo wọ̀n, mo tún un wọ̀n. Ọ̀kan sanra díẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi ẹlòmíràn rọ́pò.

Sípíríǹgì tó le ju ti àtijọ́. Asẹ́ tuntun lọ́nà epo, kò ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Epo pupa tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ wọn nínú àpò. Wọn ò sọ nǹkan kan títí mo fi dé e. Mo mọ bí ìyẹn ṣe le fún wọn tó. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ó FỌN!

Fèrè tín-ín-rín, ó ń gòkè bí mo ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn. Màmá Ewé wà níbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ọmọ ilé ìwé. Rédíò ju ìbòjú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́," ṣùgbọ́n ojú wọn ń rẹ́rìn-ín. A ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, a ó máa tan án wò, kó tó gun òkè.

Ọjọ́ Rú, 12

Ó ti yadi.

Ọ̀gá bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn lọ́sàn-án gangan, wọ́n fi kọ́ ìṣó. Wọn kì í bọ́ ọ lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Bọ̀, 13

Mo tún tú u. Kò sóhun tó fọ́. Bọ́ọ̀lù márààrùn-ún ń dán, wọ́n tutù, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ̀ bí ọṣẹ inú omi. Mo fi ìka méjì ra epo inú rẹ̀ wò. Kì í ṣe epo tí mo bù sí i. Pupa rẹ̀ ti ní wúrà nínú.

Rédíò ní ayé ni. Mo ní ayé kì í rùn bí epo. (Ẹ wò ó, mo dá a lóhùn! Ẹnu yà á.)

Mo nù ún, mo da epo tuntun sí i. Ẹnì kan ń ṣí ìdérí yẹn. Mo máa ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Mo rí bàtà kánfáàsì funfun tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Màmá Ewé. Wọ́n máa ń wá kí ọkọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sán, kò sẹ́ni tó kà á sí. Wọ́n yọ agolo kékeré nínú báàgì, wọ́n ṣí ìdérí epo Afọnfèrè, wọ́n sì ń dà á, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀: "Jẹun, ọmọ mi. Jẹun kóo lókun."

Mo mọ agolo náà: epo tó ń mú irin yọ̀ ni. Èyí tó dára jù lọ́jà. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti lọ ni àwọn ti ń fún un.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo tó jáde lábẹ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Àṣejù, baba..." Wọ́n gbé ìyókù mì. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún Màmá. Wọ́n mi orí. "Ẹni tó bá tú ẹ̀rọ ló ń bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni."

Èmi tí ń kí èèyàn lábẹ́ ahọ́n!

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo ti sọ ọ́.

Mo fi ọ̀kan nínú bọ́ọ̀lù àtijọ́ sí Màmá lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fi ìka méjì fún un mọ́ra, kí wọ́n yí i. Ó yí. Mo kán epo inú agolo wọn sí i, ẹ̀kán kan. Mo ní, "Ẹ tún un yí, Màmá." Ó yọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn, ó yí wọ abẹ́ ọkọ̀. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀, a ń wá a, Màmá ń rẹ́rìn-ín. Lójijì wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Èmi ni mò ń pa á?"

"Epo yẹn ni, Màmá."

"Má purọ́ fún àgbà."

 Mo fọwọ́ kan èjìká wọn, mi ò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kí ni kí n wá máa fún un?"

"Kò sí, mà. Ẹ kàn máa yọ ọ̀pá ìwọn epo yìí wò. Tó bá pupa, tó dé ojú àmì, ó tó."

"Ó tó." Wọ́n tún un sọ, ẹ̀rín sì padà. "Ohun tí ọkọ mi máa ń sọ nìyẹn tí mo bá ń bu oúnjẹ sí àwo rẹ̀. Mi ò gbọ́ tirẹ̀ náà."

Wọ́n fi agolo lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n fi pa ìdè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ń ké jù. Mo pa á. Kò ké mọ́.

Ọjọ́ Bọ̀, 20

Òkè.

Màmá ò bá wa lọ. Wọ́n ti rìn lọ sílé láàárọ̀, wọ́n ní ilé ìdáná ni àwọn fẹ́ wà. Ọ̀gá ju kọ́kọ́rọ́ sí mi, wọ́n sì lọ jókòó lẹ́yìn. Ọ̀gá! Lẹ́yìn! Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ìdajì òkè, ọkọ̀ fẹ́ rọ̀. Mo tẹ iná. Afọnfèrè kọ́kọ́ kùn, ó wá dìde — fíííí — ọkọ̀ náà gbé wa bí ìyá tó ń gbé ọmọ pọ̀n. Mi ò yíjú padà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí Ọ̀gá ń fi imú fọn tẹ̀lé e.

Nígbà tí a dé, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Omi ti ń hó lórí sítóòfù. Màmá dúró tì í, wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ yín láti ìsàlẹ̀."

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì di ife tíì mú. Ó ń gbọ̀n, tíì ń dà sí àwo. Wọn ò fi pamọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Bàbá kan gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá dà?" Ọ̀gá wà lórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n na ìka tó ń gbọ̀n sí mi.

Mo nu ọwọ́ mi. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ló ń ṣe é?"