Uná, Ugbó àti Ulé

Ilé Bámgbóyè,
Ọ̀nà Awò,
Ìgèdè-Èkìtì.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 1998.

Ayọ̀kúnlé ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ẹni tó ń kọ ọ́ sí, nítorí náà n kò ní fo ìyẹn. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ìyàwó rẹ wà dáadáa? Mo gbà á ládùúrà pé kí ara rẹ ó le koko, torí pé n kò fẹ́ kí o fi àìsàn ṣe àwáwí fún ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ojú mi ń ríran, etí mi sì pé. Agbẹjọ́rò Olúyẹmí fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. N kò fi í ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ má baà kà á ṣáájú rẹ.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ẹ̀gbọ́n rẹ Adérẹ̀mí fún ọ, bí ẹni pé o kò mọ̀. Bàálù rẹ̀ ṣì wà níbi tí àwọn ológun so ó mọ́ ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, nígbà tí àṣẹ dé pé kò gbọdọ̀ sí bàálù kékeré aládàáni kankan lójú ọ̀run mọ́ nítorí ètò ààbò. Wọ́n fi ṣéènì kọ́ abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́ ìdí igi àgbálùmọ̀ tí bàbá yín gbìn, wọ́n fi àgádágodo tì í, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Agbọ́n ti kọ́lé sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ apá òsì. Ní gbogbo àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ nu ún. Lẹ́yìn náà á wọ inú rẹ̀, á jókòó, á gbé ọwọ́ lé ohun tí wọ́n fi ń tọ́ ọ, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn á fi mú. Ogún ọdún ni ọkùnrin yìí fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ epo kọjá lórí omi ní Wárì láìfi ẹnikẹ́ni ṣèṣe. Bàálù tó ti gbó yìí ló fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rà, nítorí ó ní òun ò lè fi ìyókù ayé òun jókòó sílẹ̀ máa wo ẹyẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní Ọjà Ọba, obìnrin tí mo ti ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bi mí bóyá òótọ́ ni pé bọ́ǹbù ni Rẹ̀mí ń fi bàálù kó. Jẹ́jẹ́ ló bi mí, ó sì ń wọn gàrí náà lọ. Mo da gàrí rẹ̀ padà sínú abọ́ tó fi ń tà á, mo wọ ọkọ̀, mo padà sílé lọ́wọ́ òfo.

O kò lè sọ pé o kò gbọ́ nípa ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn, torí pé ọ́fíìsì ìjọba yín tó ń bójú tó ààbò òfuurufú ló gbà á. Àwọn awakọ̀ òfuurufú aládàáni mọ́kànlá ló pawọ́ pọ̀ kọ ọ́. Wọn kò ní kí ìjọba pa àṣẹ náà rẹ́. Ohun tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa fò lójú ọ̀sán, kí àwọn jìnnà sí bárékè àti ilé ìjọba, kí àwọn má sì kọjá ìwọ̀n gíga kan. Wọ́n tilẹ̀ ní àwọn á máa tẹlifóònù kí àwọn tó gbéra, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń tọrọ àyè láti jáde. Olúyẹmí ló bá wọn kọ ọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Fájuyì. O mọ̀ ọ́n, ẹ jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà ní ilé-ìwé girama ni. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ yín ní Ìkẹjà dá wọn lóhùn, wọ́n sì gba ti ènìyàn mẹ́wàá. Ti Adérẹ̀mí nìkan ni wọ́n dá dúró, nítorí kásẹ́ẹ̀tì kan. Bí kò bá rí ìdáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, wọn á gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, wọn á sì gbẹ́sẹ̀ lé bàálù náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò sí ẹni tó máa tún fún un ní òmíràn.

Àwọn kan ni ìjọba ní kí wọ́n máa tẹ́tí sí ohun tí àwọn awakọ̀ ń sọ lórí rédíò, kí wọ́n sì máa gbà á sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò yé wọn, wọ́n wá kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá: UNA, UGBO, ULE. Ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ ni pé ta ni Una, níbo ni wọ́n ń pè ní Ugbo, kí sì ni wọ́n kó pamọ́ sí Ule. Olúyẹmí ní òun rẹ́rìn-ín nígbà tí òun ka ibẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, torí nísàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ti gbé kásẹ́ẹ̀tì yìí fún òṣìṣẹ́ àwọn kan tó jẹ́ Yorùbá. Òṣìṣẹ́ náà kọ̀wé pé òun fetí sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pé kì í ṣe Yorùbá kankan tí òun gbọ́ rí, pé ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èdè àṣírí. Ó buwọ́ lù ú: A. Akínyẹlé.

Akínyẹlé ni orúkọ tí wọ́n sọ bàbá rẹ lọ́jọ́ ìkómọ. Bámgbóyè ni orúkọ ilé wa. Mo rí i lórí káàdì ìgbéyàwó rẹ pé o ti yí i padà, mo sì dákẹ́. Mo gbọ́ pé Èkó lo kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀ rẹ, mo tún dákẹ́, mo ní iṣẹ́ ìjọba lọmọ mi ń wá. Olúyẹmí náà kò kọ́kọ́ gbà pé ìwọ ni, àfìgbà tó pàdé rẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì yín. Ó ní ẹ fojú rinjú, o sì yà wọ yàrá kan.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá ni, ọyẹ́ mú gan-an, àwọn ọdẹ sì ti dáná sun igbó lẹ́bàá pápá tí bàálù ń balẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ṣàdédé yí padà, iná náà kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé, èéfín bo ìdajì pápá. Adérẹ̀mí ń bọ̀ láti Ìlọrin, kò mọ̀. Ẹni tó di rédíò kékeré mú nílẹ̀ ló ké sí i pé: “Rẹ̀mí, uná ti ràn dé ugbó ẹ̀bá pápá. Yà sí ọ̀nà ulé.” Iná, igbó, ilé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ìgèdè á túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ yà, ó gba apá ilé wa wọlé, ó balẹ̀ láyọ̀. Bí kò bá yà ni, ọmọ kan péré ni ǹ bá ní lónìí, èyí tó sì máa kù náà ni ìwọ.

Èmi ni mo di rédíò náà mú, Ayọ̀kúnlé. Ohùn méjì péré ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ti ẹ̀gbọ́n rẹ àti tèmi. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo gbọ́ ìyá rẹ tó ń fi ìbẹ̀rù ké sí ọmọ rẹ̀ kó má baà wọ inú iná, o sì mú bírò, o kọ ọ́ pé o kò mọ ohun tó ń sọ. Inú ń bí mi sí ọ. N kò ní wá ọ̀rọ̀ dídùn fi bò ó. Láti ọjọ́ tí Olúyẹmí ti sọ fún mi, bí mo bá gbé oúnjẹ ka iwájú, ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń rí.

Mo gba ẹ̀dà ohun tí o kọ lọ́wọ́ Olúyẹmí. Mo jókòó sídìí tábìlì bàbá rẹ, mo sì fi bírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe máa ń yẹ ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi wò. Gírámà rẹ kò ní àléébù. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ mọ́, o fi àmì síbi tó yẹ. Òdo ni mo fún ọ. Ó wà nínú àpò ìwé yìí, kí o lè rí àtúnṣe tí mo ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

N kò ní purọ́ pé èmi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo máa ń na ẹni tó bá kọ “ulé” sínú àròkọ ní ẹgba mẹ́ta. Mo máa ń sọ fún wọn pé ilé ni kí wọ́n kọ, pé kí wọ́n fi ulé sílẹ̀ sílé. Láàárín sáà kan, ìwọ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ ẹgba títí ó fi jáde ìwé mẹ́fà, ulé kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e dé Wárì, ó sì gbé e gun òfuurufú. Ìwọ ni mo máa ń fi yangàn fún àwọn tíṣà yòókù nígbà náà, mo ní ẹ wá gbọ́ bí àbíkẹ́yìn mi ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Èkó. Ojú ń tì mí bí mo bá rántí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ni mo kọ́ ọ. N kò kọ́ ọ pé kí o sẹ́ ẹni tó ń sọ ọ́.

Olúyẹmí bẹ̀ mí pé kí n rò ó wò, pé bóyá ẹ̀rù ló bà ọ́. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n ń wádìí, wọ́n lè lé ọ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tilẹ̀ lè tì ọ́ mọ́lé. Mo rò ó dáadáa. Mo mọ irú ìjọba tí a wà lábẹ́ rẹ̀, èmi náà máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí o bá ti sọ pé etí ń dùn ọ́, pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn, ǹ bá ti dárí jì ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ta ló wá ní kí o fi èdè àṣírí kún un? Kò sí ẹni tó bi ọ́ ní ìyẹn. Ìwọ lo fà á yọ fún ara rẹ, kí wọ́n lè rí bí o ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ tó lójú inú tó.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Ìgbìmọ̀ yín kò gba ìtumọ̀ tèmi, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni mí. Wọn kò gba ti Olúyẹmí, wọ́n ní agbẹjọ́rò rẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹnu òṣìṣẹ́ àwọn nìkan ni àwọn máa gbà á gbọ́, kò sì sí ọmọ Èkìtì mìíràn nínú ọ́fíìsì yín. Wọlé tọ̀ wọ́n ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, kí o sọ fún wọn pé iná, igbó àti ilé ni. Bí wọ́n bá bi ọ́ ìdí tí o kò fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, sọ ìyẹn náà fún wọn.

Bí o kò bá lọ, èmi ń bọ̀. Mo ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́ ní Fájuyì pé kó fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún mi ní Ọjọ́rú. Ilé àbúrò mi Àtinúkẹ́ ní Agége ni n ó sùn sí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ n ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín láti aago mẹ́jọ, lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀ fún àlejò. N kò ní pariwo, n kò sì ní pe orúkọ rẹ. Nígbà tí ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ bá ń wọlé, n ó kàn dìde dúró ní iwájú rẹ ni. Láti ìgbà tí o ti mọ̀ ọ́n rìn, o kò rí mi láàárọ̀ kí o má dọ̀bálẹ̀. Bí o bá dọ̀bálẹ̀, gbogbo wọn á mọ ẹni tó bí ọ. Bí o bá dúró, èmi á ti rí ohun tí mo wá wò, n ó gbé báàgì mi, n ó wọkọ̀ padà sí Ìgèdè.

Ó yẹ kí n fi àdúrà parí rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fagi lé e lẹ́ẹ̀mejèèjì. Èyí tó kù tí ọwọ́ mi gbà láti kọ ni pé kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ títí di Ọjọ́bọ̀, kí Ó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ wúwo nígbà tí o bá ń lọ sí yàrá ìgbìmọ̀ náà, kí Ó sì bo ìyàwó rẹ tí kò mọ nǹkan kan. Àdúrà ọmọ rere, àdúrà ẹ̀mí gígùn àti ìgbéga tí mo máa ń ṣe fún ọ, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. O mọ ibi tí o ti máa wá gbà á.

Èmi ni ìyá rẹ,
Monínúọlá Bámgbóyè.

Àfikún: Adérẹ̀mí kò mọ̀ pé ìwọ ni. Olúyẹmí bo ibi tí o buwọ́ lù kó tó fi ìwé náà hàn án, èmi nìkan ló sọ fún. Ní nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ wọlé bá mi nídìí lẹ́tà yìí, ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí, mo ní ìwọ ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n bá òun kí ọ gan-an. Ó ní òun ti ń rò ó tipẹ́ láti wá bá ọ, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kó ọ sí wàhálà níbi iṣẹ́. Ó ní bí o bá mọ ẹnì kan tó lè bá òun gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa, kí o jọ̀wọ́ bá òun bẹ̀ ẹ́. Mo ní n ó sọ fún ọ.