Kòkòrò Tó Tóbi Nínú Fóònù

Mengue ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ Ondoua ni mo fọwọ́ ara mi kọ èyí. Ṣé ara le ní Douala? Ọlọ́run tó ń mú kòkó wa so kò ní gbàgbé ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì. Èmi tí mo kọ́kọ́ fi páànù bolé ládùúgbò yìí, ojú ń tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà lọ sóko.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ló dá a sílẹ̀. Mo ya àwòrán kòkòrò mi, èyí dúdú oníwo tó ń jáde lára igi ògùrọ̀, mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó ń tóbi, ó ń tóbi, títí ìwo rẹ̀ fi jáde kúrò nínú fóònù. Mo ní oúnjẹ gidi wà níbẹ̀. Ni Abega ọ̀rẹ́ mi bá gbé tiẹ̀ wá lórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ọrùn rẹ̀ ní ìlà funfun, ó ní tòun ló tóbi jù. Lójú gbogbo àgbà, mo ní òpùrọ́ ni, mo ní kó lọ máa sin adìyẹ.

Nígbà tí ẹni tó máa ń wá ra kòkòrò jíjẹ lọ́wọ́ wa dé, ó tẹ́ méjèèjì sórí ewé kan. Ti Abega tóbi bí ẹyin adìyẹ. Ó bi mí pé bí a bá yọ ìwo tèmi, kí ló kù tí èèyàn máa jẹ? Ó fi fóònù ya àwòrán èékánná mi, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó tó abọ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, mo ṣì rò pé ìgbà tí kòkòrò mi ń jáde nínú fóònù ló rù.

Abega nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká máa lọ sílé, oòrùn ti mú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ láti bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, màá ní iyọ̀ ni mo wá tọrọ, á sì bù ú fún mi. Iyọ̀ ti kún ilé, ìyá rẹ ń bi mí bóyá mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Jọ̀wọ́, wá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá faranka kí n fi ra àkùkọ àti wáìnì tí màá fi bẹ̀ ẹ́, má fi owó náà gba inú fóònù o, kó má baà rù lọ́nà. Mú un wá fúnra rẹ lọ́jọ́ Àìkú, kí o dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà Abega, bí mo bá ti dárúkọ iyọ̀, fi ìgúnpá gún mi.

Ọlọ́run á fún ọ lọ́wọ́ tó tóbi ju tèmi lọ, á sì fún ọ lẹ́nu tó kéré sí tèmi.

Bàbá rẹ,
Ondoua