Akèrègbè Kọfí Tí Ẹ Fi Rán Ṣanyà sí Mi

Bàbá mi tí mi ò lè rí mọ́, mo kí yín bí a ṣe ń kíra ní Kàbà: okun o.

Èmi àkọ́bí yín ni mo ń kọ̀wé yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ pé ìwé kejì ni mo kà tí mo fi sá kúrò nílé-ìwé, ẹ sì máa ń sọ pé ìwé tí mo bá kọ dà bíi pé adìyẹ ló tanlẹ̀ lórí ẹ̀. Kò burú. Adìyẹ yìí náà ló kọ́ ilé oníyàrá méje sí Zuba. Adìyẹ yìí náà ló gun òrùlé ilé àwọn ọ̀gá ìjọba ní Garki, tó kan pákó ibẹ̀, nígbà tí gbogbo Àbújá ṣì jẹ́ igbó àti ariwo katapílà.

Ẹ má bínú, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe torí ilé ni mo ṣe jókòó kọ̀wé. Fúnmi àbúrò mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá kó àwọn ọmọ kọfí tí mo sọ fún yín pé wọ́n hù. Bàbá mi, kò sí ọmọ kọfí kankan.

Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ eré kọfí yìí? Òyìnbó ẹnjiníà tó ń mójú tó iṣẹ́ wa ló máa ń yan tirẹ̀ nínú páànù lórí sítóòfù. Òórùn rẹ̀ ló fà mí dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Nígbà tí mo wo inú páànù, mo rí i pé kọfí tiwa ni, irú èyí tí ẹ máa ń sá sórí ẹní, tí èmi àti Fúnmi máa ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Láti kékeré mi ni ẹ ti ń gbìn ín, ẹnikẹ́ni ò mu ún rí nílé wa. Ẹ ó kó o fún àwọn tó ń rà á, ó parí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yan tèmi. Agbada tí wọ́n fi ń yan gaàrí ni mo rà, mo sì ń fi àkúfọ́ igbá rò ó láìdáwọ́ dúró. Ó máa ń kọ́kọ́ rùn bíi koríko tútù, á wá máa rùn bíi búrẹ́dì, lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta pá-pá-pá bí àgbàdo. Ibẹ̀ ni ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n yan ti máa ń jóná. Tèmi kì í jóná. Òyìnbó yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé mo ju òun lọ. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, iwájú ilé mi á kún. Àlàájì ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà, tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa rárá, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Mo gbé díẹ̀ wá fún yín nígbà kan. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ tutọ́, ẹ wò mí lójú. Ẹ ní, “Ṣé omi èédú yìí ni òyìnbó tìtorí ẹ̀ ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí? Wọ́n mà ń jìyà o!” Bí mo bá ti ń rò ó nínú agbada, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni iná ọyẹ́ jó oko yín. Igi kan ṣoṣo létí odò ló ṣẹ́ kù, odò náà sì ti gbẹ. Èmi ni mo ti ń yangàn fún yín pé kànga ilé mi kì í gbẹ, bó ti wù kí ọyẹ́ le tó. Ẹ gbà mí gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ká èso igi yẹn, ẹ bọ́ ara rẹ̀ kúrò, ẹ sá a sábẹ́ ìbòòji, ẹ fi eérú pa á, ẹ rọ ọ́ sínú akèrègbè, ẹ sì fi rán Ṣanyà tó ń wa ọkọ̀ iṣu.

Ọjọ́ Àìkú ló dé. Iná ti wà nílẹ̀, agbada ti gbóná, àwọn àlejò mi ti jókòó. Ó gbé akèrègbè lé mi lọ́wọ́.

“Ọ̀gá, Bàbá ní kí n sọ fún yín pé kọfí yìí...”

“Kí ni? O fẹ́ kọ́ mi ní kọfí? Ìwọ oníṣu?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó tún la ẹnu.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní kí n rí i dájú pé mo sọ ọ́...”

“Ṣanyà, jókòó, kí wọ́n bu ife kan fún ẹ. Tó o bá mu ún tán, wàá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kọfí.”

Kò jókòó. Ó ní ọkọ̀ òun wà lójú títì Kàdúná pẹ̀lú ẹrù, ó sì lọ.

Ìyàwó mi bu díẹ̀ sọ́wọ́. “Bàbá Dúpẹ́, eérú ló wà lára ẹ̀ yìí o. Ta ní ń fi eérú pa ohun mímu?” Mo ní kó gbé odó wá.

A rọra gún un, a fẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò, mo yan án. Bàbá mi, ó dùn. Kò sí èyí tí mo ti yan rí tó tó o. Àlàájì gbé ife kúrò lẹ́nu, ó ní, “Kai! Ọmọ àgbẹ̀, eléyìí ti oko bàbá ẹ ni lóòótọ́!” Mo fọwọ́ lu àyà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Ṣanyà tún kọjá. Kò wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ìdí mọ́tò rẹ̀ ló dúró sí. Ó ní, “Bàbá ní ṣé ẹ ti gbin irúgbìn yẹn? Wọ́n ní ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á o. Tójò ọdún tó ń bọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, Àǹtí Fúnmi á wá kó wọn padà sóko.” Èyí tó kù nígbà yẹn kò kún agolo mílíìkì. Yíyan sì ni gbogbo ẹ̀.

Mo wá bá yín nígbà tí òjò dé. Láti Zuba títí dé Kàbà ni mo ń tò ó lẹ́nu bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹsẹ̀ yín ti wú. Kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán, ẹ ti bèèrè.

“Ó hù?”

“Ó hù, Bàbá.”

“Ewé mélòó?”

“Mẹ́rin-mẹ́rin. Ogún ni wọ́n.”

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ pe àwọn ará ilé kejì kí wọ́n wá gbọ́, pé ọmọ yín tí kànga rẹ̀ kì í gbẹ ti gba kọfí yín lọ́wọ́ iná. Ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí, ẹ ṣàdúrà fún mi títí ohùn yín fi lọ. Èmi náà ń ṣe àmín. Àdúrà tí mo jí gbà ni, Bàbá. Àbí ẹ mọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mọ̀ lójú mi bí mo bá ti mú ẹyin nínú ìtẹ́ adìyẹ, ṣé ẹ ò rí nǹkan kan lójú mi lọ́jọ́ yẹn?

Mo ti ń di ẹ̀bi yìí ru Ṣanyà nínú ọkàn mi, pé ì bá ti pariwo mọ́ mi. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Nígbà tí eérú yẹn kàn mí lọ́wọ́, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ta ló kọ́ mi pé eérú la fi ń pa irúgbìn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́? Ẹ̀yin ni, lábẹ́ àká àgbàdo, nígbà tí orí mi ò tíì kan ìgbànú yín. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n agbada ti gbóná, àwọn èèyàn ń wò mí, mo sì ti pa Ṣanyà lẹ́nu mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sáré tẹ̀ lé oníṣu lójú títì, kí n ní kó wá kọ́ mi?

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín, mo wá ogún ọ̀rá dúdú, mo bu ilẹ̀ sí wọn, mo mú èyí tó kù nínú agolo, mo sì rì wọ́n méjì-méjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ohun tí iná ti yan kì í hù. Mo ti sọ pé wọ́n hù, mi ò sì mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Àràárọ̀ ni mò ń fa omi kànga bu sí wọn. Ìyàwó mi máa ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, pẹ̀lú agolo omi lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ẹ ti lọ.

Igi etí odò yẹn náà ti gbẹ. Òjò ọdún tuntun ti bẹ̀rẹ̀, Fúnmi sì ránṣẹ́, ó ní, “Bọ̀dá mi, mo ti gbẹ́ ogún ihò sílẹ̀.” Owó kọfí yẹn lẹ fi rán an lọ sílé-ìwé, kò gbàgbé. Àlàájì ní òun mọ ibi tí a ti lè ra ọmọ kọfí mìíràn, pé ewé kì í sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ gbà. Mo tilẹ̀ ti wọ bàtà. Mo wá rò ó pé Fúnmi á gbìn wọ́n, á máa fi wọ́n han àwọn ọmọ rẹ̀ pé ti bàbá àgbà yín nìyí, èmi á sì tún máa fọwọ́ lu àyà. Mo bọ́ bàtà.

Bó bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yìn ilé ni mo máa kọ́kọ́ mú un lọ kí n jẹ́wọ́ fún un, kó tó mu omi. Á dúró di ọjọ́ Àìkú, mi ò ní dáná, àwọn tó bá mi mu ún ni màá sì tún un sọ fún, Ṣanyà náà á wà níbẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ pè é. Bí Fúnmi kò bá bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo bomi rin wọ́n láàárọ̀ yìí náà.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín jù bí mo ṣe ṣe lọ,
ọmọ yín tí kànga rẹ̀ kì í gbẹ.