Ìkòkò Méjì Tí Màmá Rà

Àǹtí Sẹ̀gilọlá mi,

Ẹ kú òtútù Manchester. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ gbá Benjamin ọmọ yín mọ́ra fún mi. Màmá ń dúpẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Onílé wa ní Àgùdà tún ti fowó lé owó ilé.

Mo pè yín títí, kò lọ. Inú ń run èmi àti Ayọ̀miídé ọmọ mi, kì í tiẹ̀ rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ mọ́. Bàbá rẹ̀ nìkan ni nǹkan kan kò ṣe, ẹni tí kì í jẹun nílé! Kí ni kí n rò? Mo ní ó ń bu nǹkan sọ́bẹ̀ wa. Mo wá ń ti ilé ìdáná pa.

Dókítà bá òjé, irin olóró, nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ó ní ó máa ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ jẹ́, á tún sá pamọ́ sínú egungun. Mo ní, "Ta ló fún wa jẹ?" Ó ní kí n gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá. Irin àlòkù ni wọ́n yọ́ fi rọ ọ́, òjé wà nínú rẹ̀, ata àti tòmátì sì ń fà á jáde. Àṣé èmi tí mò ń tilẹ̀kùn ni mò ń bù ú fún ọmọ! Àmọ́ ibi tí ọkọ mi ti ń jẹun, mo ṣì máa wádìí ẹ̀.

Méjì irú ìkòkò yẹn ni Màmá rà fún èmi àti ẹ̀yin nígbà ìgbéyàwó wa. Ẹ̀yin gbé tiyín wọ bàálù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ má sọ fún Màmá. Ọlọ́run á ṣọ́ wa.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ ní inú ń run Benjamin, pé oúnjẹ iléèwé lẹ fura sí. Àǹtí mi, ìkòkò wo lẹ fi sebẹ̀ àná?

Àbúrò yín,
Àṣàkẹ́