Má Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ Imú Ọmọ Rẹ

Àbúrò mi,

Pákó tó wà lórí tábìlì nínú ilé mọ́tò, má fọwọ́ kàn án, má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ohunkóhun. Àwòrán ojú ọmọ rẹ ni mò ń fi ẹ̀rọ ìgépákó gé lára pákó náà láàárọ̀ yìí tí ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ fi ṣẹ́, tí imú sì kán. Nígbà tí etí kán lánàá, o ní, "Ẹ lẹ̀ ẹ́ jàre, Bàbá ò ríran mọ́, wọn ò ní mọ̀."

Wọ́n á mọ̀ o! Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ìka lọ̀rọ̀ ti Bàbá wà báyìí.

Mo lọ ra pákó àti ayùn tuntun. Bó gbà mí lẹ́ẹ̀mẹwàá, màá gé e. Bàbá ò ní máa fọwọ́ pa imú ọmọ ẹlòmíràn, kí wọ́n rò pé ọmọ-ọmọ àwọn ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ